Iná Àsorọ̀ Orí Tábìlì

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni méjì ló jókòó nídìí tábìlì ìjẹun, òun àti ọmọ rẹ̀. Òjìji mẹ́ta ló wà lára ògiri.

Mo ṣẹ́jú, mo tún wò ó. Mo ní bóyá àárẹ̀ ọ̀nà ló ń ṣe mí. Bọ̀dá Káfíńtà, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi.

"Àbúrò, káàbọ̀. O ò tiẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìyàwó rẹ̀, ti kú láti ìgbà òjò. Àìsàn tí àwọn dókítà kò rí orúkọ fún ló dá a dùbúlẹ̀, ó ń rọ bí ewé tí oòrùn pa títí ó fi lọ. Èmi aránṣọ, tí mi ò tíì lọ́kọ, ni ìyá wa ní kí n lọ bá wọn gbé, kí n máa tọ́jú ọmọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni à ń pe ọmọbìnrin náà nítorí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, odò ló ya.

Iná tó wà lókè tábìlì náà ni mo kọ́kọ́ yìn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Bọ̀dá fi ṣe é. Ó la pákó sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí ó fi rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ní roboto, ó hun ún bí apẹ̀rẹ̀, ó wá fi gílóòbù sí àárín rẹ̀. Ó lu ihò sí àjà, ó fa wáyà gba ibẹ̀, ó sì so ó rọ̀ dirodiro síbi tí orí ènìyàn kò ti ní kàn án. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin.

"Ó mà dára o, Bọ̀dá. Níbo lẹ ti rí irú pákó yìí?"

"Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Mi ò lè sùn lórí ẹ̀ mọ́, mi ò sì lè jù ú nù."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo fa àga tó ṣófo kí n jókòó, àfi bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe di aṣọ mi mú.

"Àǹtí, ẹ má jókòó síbẹ̀. Màámi ló wà níbẹ̀."

Mo gbójú sókè wo ògiri. Òjìji obìnrin kan jókòó sórí òjìji àga náà. Bí mo ṣe ń wò ó, ó yí orí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

Ó yẹ kí n sá. Mi ò sá. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú kì í bèèrè ọ̀nà tó gbà padà. Omi bọ́ lójú mi, mo kúnlẹ̀, mo kí i. Láti ìgbà náà, bí iná bá ti tàn, a máa ń bu oúnjẹ síwájú àga yẹn, a sì ń bá a sọ̀rọ̀. Nǹkan kan kàn ń kọ mí lóminú: bí mo bá na ọwọ́ sábẹ́ iná náà, òtútù ló máa ń fẹ́ sí i, bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn àjà ilẹ̀.

Kò pẹ́ tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Aṣọ tí mo rán fún un di àgbékọ́ sí i lára. Ó ń wúkọ́. Odò ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹ. Bí a bá bi í léèrè, á kàn mi orí. Bí ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo gbé e dúró sábẹ́ iná láti wọ̀n ọ́n, kí n lè gba aṣọ rẹ̀ sínú. Téèpù wà lọ́wọ́ mi, ojú mi wà lára ògiri. Aránṣọ kì í wo ènìyàn kó má wo èjìká. Èjìká òsì òjìji yẹn dà sílẹ̀ ju tọ̀tún lọ, ọrùn rẹ̀ sì gùn. Láti ìgbà tí mo ti mọ abẹ́rẹ́ í dì mú ni mo ti ń ránṣọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Èjìká rẹ̀ dọ́gba.

Ọwọ́ òjìji náà wà lórí òjìji ọmọ, ó ń fi pa á lórí jẹ́jẹ́.

"Bọ̀dá," mo rọra pè é. "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ nìyẹn."

Kò gbójú sókè nínú àwo rẹ̀. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Níbo lẹ ti rí bẹ́ẹ̀dì yẹn?"

"Àlòkù ni. Ìyá àgbàlagbà kan ló kú sórí ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ ní kí n ṣáà wá gbé e lọ, wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n fura. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò tíì sùn pẹ́ lórí ẹ̀ tí ara ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù."

"Ẹ wá gbé e kọ́ sórí ọmọ yín!"

"Mi ò mọ̀ nígbà tí mò ń ṣe é." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Nígbà tí mo wá mọ̀, ilé ti dá jù, àbúrò. Ẹni yòówù kó jẹ́, ó ṣáà jókòó tì mí."

Mo na ọwọ́ síbi súìṣì. Ó di ọwọ́ mi mú. Kò fipá dì í mú, ṣùgbọ́n kò tú u sílẹ̀.

"Mú ọmọ lọ," ó ní. "Mo bẹ̀ ọ́. Má pa iná náà."

Mo pọn Pẹ́lẹ́ńgẹ́, a kò dúró kó ẹrù. Nílé ìyá wa, ikọ́ náà lọ, ẹran padà sí i lára, ó sì tún ń rojọ́ títí ó fi sú wa. Bọ̀dá ń pè wá lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, fóònù ń dún, kò gbé e mọ́.

Ọ̀sán gangan ni mo padà síbẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Mo wọ yàrá, mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo pè títí. Nínú yàrá ìjẹun, wọ́n ti fa kọ́tìnì dí ojú fèrèsé, iná náà sì ń tàn. Oúnjẹ ti gan sínú àwo méjì. Kò sí ẹnì kankan lórí àga.

Òjìji méjì jókòó sára ògiri, wọ́n fara ti ara wọn. Ọ̀kan, èjìká rẹ̀ dà sílẹ̀. Ọ̀kan fi pẹ́ńsù há etí, bí àwọn káfíńtà ṣe máa ń ṣe.

Mo gbé ọwọ́ lé súìṣì. Ọ̀kan tó fi pẹ́ńsù há etí yíjú sí mi, ó sì na ọwọ́ sókè. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀ mí kí n pa iná náà ni, tàbí ó ń bẹ̀ mí kí n má pa á. Bí iná bá kú, ṣé á bọ́ kúrò lára ògiri ni, àbí á lọ pátápátá? Ta ni n ó bi?

Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Nígbà tí mo padà dé ilé ìyá wa, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. "Àǹtí, ṣé ẹ bá Dádì nílé?"

"Mo bá wọn."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n jókòó," mo ní. "Wọ́n kàn jókòó ni."