Òkúta Lẹ́nu Ẹ̀rọ Agbénigòkè

Ilẹ̀kùn tuntun ilé Leonie ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Kerry dúró sẹ́nu ọ̀nà tiwọn ní òdìkejì, níbi tí ọ̀dà ti ń ṣí bí èépá.

"Kerry, wá wo ilé ìdáná wa!" Leonie pè é. "Káńsù ti pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Dúróà ò dún gbàgà mọ́, jẹ́jẹ́ ló ń wọlé."

"Mo ti rí dúróà rí."

"Háà! Ojú ẹ le bíi búrẹ́dì àná. Ṣé ẹ̀yin onílé náà ń jowú àwa ayálégbé ni?"

Àwàdà ni Leonie ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Kerry lọ́kàn. Òótọ́ ni pé bàbá àgbà rẹ̀ ra ilé wọn lọ́wọ́ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n káńsù ló ṣì ni odindi ilé alájà mẹ́jọ náà. Ohun tó bá bàjẹ́ nílé ayálégbé, káńsù ni yóò tún un ṣe. Ẹni tó ra tirẹ̀ ni yóò tún ti inú ilé rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, yóò sì tún dá sí owó òrùlé, iná àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbénigòkè. Owó òrùlé ti gbé ilé ìdáná tí Glenda, ìyá Kerry, fẹ́ ṣe mì. Glenda tí ń jí kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí òun gan-an ló ń wà á! Owó ìrìn àjò ilé ẹ̀kọ́ Kerry sí Faransé nìkan ló rí fi pamọ́.

Ní Sátidé, Kerry gbọ́ pé fíríìjì tuntun àwọn Leonie ń bọ̀. Ó mú òkúta kan níta. "Ẹ ó rù ú gun àtẹ̀gùn lónìí," ló wí lábẹ́lẹ̀. Ó ki òkúta náà bọ ojú irin ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbénigòkè, ó ń tẹ bọ́tìnì, ó ń ta á nípàá, títí ẹ̀rọ náà fi kérora, tó dákẹ́. "Ti káńsù ṣáà ni."

Bàbá Leonie àti àbúrò rẹ̀ ru fíríìjì náà dé àjà karùn-ún, wọ́n ń làágùn. Bí wọ́n ṣe gbé e wọlé, Kerry gbọ́ ohùn mìíràn lórí àtẹ̀gùn.

"Mọ́mì Kerry, ẹ rọra. Ẹ gbé àpò yẹn fún mi."

Leonie ni. Glenda, tí orúnkún ń dùn, di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Nígbà tí ó jókòó tán, ó ní, "Wọ́n ní ẹnìkan ki òkúta sí ẹ̀rọ yẹn lẹ́nu. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti jó."

"Káńsù á tún un ṣe, àbí?"

"Á tún un ṣe, á wá pín owó ẹ̀ fún àwa tó ra ilé. Kerry, owó Faransé ẹ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi."

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Omi bọ́ lójú Kerry. "Mọ́mì, èmi ni."

Glenda nawọ́ sí ilẹ̀kùn àwọn Leonie. "Kì í ṣe èmi nìkan lo ṣẹ̀," ló wí. "Lọ kan ilẹ̀kùn yẹn."

Kerry lọ jẹ́wọ́ fún wọn. "Ìwọ?" Leonie ní. "Ẹ̀yìn Dádì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán! Kí ni mo fi ṣe ọ́?" Ilẹ̀kùn tuntun náà pa dé mọ́ Kerry lójú.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Faransé, ẹrù àwọn àgbà ni Kerry ń rù gòkè, nítorí wọn kò tíì tún ẹ̀rọ náà ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ kan bá a di àpò mú. Leonie ni.

"Mo ṣì ń bínú o."

"Mo mọ̀."

"Gbé e dáadáa jàre, ẹyin wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, eérú ń tọ ẹni tó dà á. Ohun tí a bá fi ìlara bà jẹ́ lára ọmọnìkejì, àpò ìyá wa ni a lè fi tún un ṣe. Kí Ọlọ́run wẹ ìlara kúrò lọ́kàn wa, kí ó tó ba ilé tí gbogbo wa jọ ń gbé jẹ́.