Páìpù Tí Kò Sí Nínú Àjà

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Páànù. Kò sí ohun tí kò lè fi irin pẹlẹbẹ ṣe: garawa, àpótí, ilẹ̀kùn, àti ààrò irin tí ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n ọtí ti gba ọkùnrin yìí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, òùngbẹ á ti fà á kúrò nídìí rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ẹ bá sì béèrè iṣẹ́ yín, èsì kan náà ni ẹnu rẹ̀ mọ̀: "Ó ti parí. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un, oníbúrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, Kristẹni tòótọ́. Oníbúrẹ́dì kì í pariwo ìwàásù lé e lórí. Búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń gbé wá fún un láàárọ̀, á sì sọ wẹ́rẹ́ pé, "Mo dárúkọ rẹ nínú àdúrà o."

Ọ̀gá Páànù á rẹ́rìn-ín. "O ṣeun. Bá mi sọ fún Un pé ọtí ti wọ́n jù."

Ní ọdún náà, ìjọ oníbúrẹ́dì gba lẹ́tà pé àwọn míṣọ́nnárì ń bọ̀ láti òkèèrè, tọkọtaya kan pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ wọn. Ilẹ̀ ooru ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọn kò rí òtútù rí. Ìjọ gba ilé kékeré kan fún wọn, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kí kálukú kọ ohun tí yóò ṣe. Ẹnìkan yóò lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹnìkan yóò gbé ìkòkò àti àwo wá. Ẹnìkan yóò mú wọn mọ ọjà àti ilé ìwòsàn, ẹlòmíràn yóò kọ́ wọn ní èdè. Níwájú "ààrò" nìkan ni kò sí orúkọ. Oníbúrẹ́dì mú bírò, ó kọ Ọ̀gá Páànù síbẹ̀.

Àwọn alàgbà kùn. "Ọ̀mùtí yẹn? Ẹni tí kò tẹsẹ̀ bọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí?"

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é, ẹ jọ̀ọ́," ni oníbúrẹ́dì wí. "Mo dúró fún un."

Ọjọ́ méjì ni Ọ̀gá Páànù fi ṣiṣẹ́ gidi. Ó gbé ààrò kalẹ̀ nínú yàrá, ó to páìpù èéfín láti orí ààrò títí ó fi wọ àjà. Ó gun òrùlé, ó sì ri páìpù mìíràn mọ́ ibẹ̀. Ó wá ku ẹyọ kan péré, èyí tí yóò so ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti òkè nínú òkùnkùn àjà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Màá mu ife kan, màá sì padà wá fi í sí i."

Kò padà. Nígbà tí oníbúrẹ́dì wá wo iṣẹ́, ó rí páìpù tó wọ àjà nínú yàrá, ó rí páìpù tó yọ lórí òrùlé níta.

"Ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí. Fọkàn balẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àlejò dé. Màmá kan wà nínú ìjọ tí wọ́n ń pè ní Màmá Aránṣọ, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú ló fi gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi dí ẹ̀gbẹ́ gbogbo fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn, kí òtútù má baà rí ọ̀nà wọlé bá ọmọ ọwọ́. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Àwọn ará dáná sí ààrò, wọ́n kọ́ àwọn àlejò ní ọ̀rọ̀ kan péré nínú èdè ìlú náà, "Ẹ ṣé," wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Ìrìn àjò ti rẹ̀ wọ́n. Oorun gbé wọn lọ.

Ní ọ̀sán yẹn, Ọ̀gá Páànù wà nílé ọtí nígbà tí aránbàtà kan wọlé, tó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ nítorí òtútù.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo gba iwájú ilé àwọn àlejò ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Mo rí iná ààrò látojú fèrèsé, àmọ́ páìpù yín ò yọ èéfín kankan. Àbí èéfín náà ti di Kristẹni, tó fi jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé?"

Gbogbo ilé ọtí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Páànù náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó rí ẹyọ páìpù yẹn lójú ara rẹ̀, bó ṣe dùbúlẹ̀ nínú eruku. Ó rí èéfín tó kún àjà, tó ń wá ọ̀nà padà sísàlẹ̀. Ó gbé ife sẹ́nu, ọtí dà sí i láyà. Bóyá wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Bóyá wọ́n ti jáde. Bóyá kí òun tètè sá kúrò nílùú. Ó gbé ife kalẹ̀, ó sáré jáde.

Ẹsẹ̀ tí ọtí ti gbà kò ṣeé sáré. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣubú lójú pópó. Ó lu ilẹ̀kùn àwọn àlejò, kò sóhùn. Ó kígbe, kò sóhùn. Ó fi ìgúnpá fọ́ fèrèsé, ó fa aṣọ Màmá Aránṣọ ya, ó kó sínú èéfín. Bàbá wà lórí àga. Ìyá wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nà sí ibùsùn ọmọ, kò dé ibẹ̀. Ọmọ náà rọ jọwọrọ bí aṣọ tútù. Ó gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ké, ó ń ké, títí àwọn aládùúgbò fi tú síta.

Ìjọ péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Dókítà sọ pé tọkọtaya náà yóò yè, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ti ọmọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́ láti mí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìyà Ọ̀gá Páànù ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń yìn ín. Alàgbà tó kùn sí i dì mọ́ ọn: "Ẹ dárí jì mí, ọ̀gá. Ọlọ́run ló rán yín." Ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń lu àyà rẹ̀. "Èmi ni mo pa á! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dí fèrèsé! Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ!" Kò sẹ́ni tó lè tù ú nínú.

Ọ̀gá Páànù mọ̀ pé òun lè dákẹ́. Páìpù wà nínú yàrá, páìpù wà lórí òrùlé. Òun lè yọ́ lọ fi ẹyọ yẹn sí i, ayé kò sì ní mọ̀ láéláé.

Nígbà náà ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti míṣọ́nnárì náà, bàbá ọmọ, jáde, ẹnìkan sì nawọ́ sí ọkùnrin tó fọ́ fèrèsé. Àlejò náà di ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ mú. Ó wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé."

Ọ̀gá Páànù wó lulẹ̀. "Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Màmá, ẹ dìde, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni! Páìpù ò sí nínú àjà. Mo fi í sílẹ̀ nítorí ọtí. Mo ní ó ti parí, irọ́ ni mo pa!"

Oníbúrẹ́dì, tó ti dúró fún un, kọjú sí ògiri. Ó pẹ́ kó tó lè wá jókòó tì í.

"Inú ń bí mi sí ẹ," ló wí. "Mi ò ní purọ́."

"Kí wọ́n pe ọlọ́pàá."

"A máa jọ lọ bá wọn. Àmọ́ ta ló máa wẹ ọkàn ẹ? Ọlọ́pàá ò lè ṣe ìyẹn."

"Tí ọmọ yẹn bá yè, màá sin Ọlọ́run. Mo búra."

"Má fi ọmọ ọlọ́mọ bá Ọlọ́run dúnàádúrà. Bó yè, bí kò yè, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Nígbà tí Màmá jókòó sílẹ̀ yẹn, tó gbé ẹ̀bi ẹ sọ́rùn, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, báwo ló ṣe rí lára ẹ?"

"Ó ń jó mi bí iná."

"Màmá ò mọ̀ pé ẹ̀bi ẹ lòun ń gbé. Jésù mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n, Ó sì gbé e lọ sórí àgbélébùú. Iṣẹ́ tí Ó ṣe níbẹ̀, kò ku ẹyọ kankan."

Ọ̀gá Páànù dorí kodò. "Olúwa," ló wí, "àwọn èèyàn rí òde mi, Ìwọ rí inú àjà. Mi ò ní kí O má jẹ́ kí n jìyà. Ṣàánú mi. Gbà mí nítorí Jésù." Nígbà tó lajú, Màmá Aránṣọ ti kúnlẹ̀ tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká rẹ̀.

Wọn kò tíì dìde nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohùn tín-ín-rín, bí ti ọmọ ológbò. Ọmọ náà ń sunkún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá Páànù gun àjà, ó so ẹyọ tó kù. Lẹ́yìn náà ó pe oníbúrẹ́dì: "Gun òkè wá, wá fojú ara ẹ rí i." Láti ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ó ṣe oṣù mẹ́jọ lẹ́wọ̀n. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni míṣọ́nnárì náà ń wá bẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu Ọ̀gá Páànù ló sì ti kọ́ èdè tí ó fi ń wàásù títí dòní.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́? Ilé rẹ lè dára lójú àwọn ará ìta. Aládùúgbò lè máa yìn ọ́, ìjọ pàápàá lè máa yìn ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tí kò sí nínú àjà rẹ. Èéfín ẹ̀ṣẹ̀ kì í pariwo. Oorun ló fi ń pa ènìyàn. Má sọ pé o máa padà wá tún un ṣe lọ́la. Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ ara Rẹ̀ wá ọ ti wà lẹ́nu fèrèsé báyìí, ọwọ́ Rẹ̀ sì ti fara gbọgbẹ́ nítorí rẹ. Jẹ́wọ́ fún Un. Jẹ́ kó gbé ọ jáde lónìí, nígbà tí o ṣì ń mí.