Jíìpù Tó Wà Lẹ́yìn Ọgbà Merv

Bóòtù tí ó ti dógùn-ún kì í tú wẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi sípánà jẹun rí ló mọ èyí, Ante Barišić sì ti ń fi sípánà jẹun láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Nítorí náà, nígbà tí ó wọ abẹ́ jíìpù àtijọ́ kan ní ìpẹ̀kun ọgbà àlòkù ọkọ̀ Merv Tully, tí ó fi sípánà kan bóòtù tí ó di táǹkì epo mú, tí bóòtù náà sì yí bí ẹni pé àná ni wọ́n dè é, ó dáwọ́ dúró. Ó fi ìka nù ún wò. Ó ti dógùn-ún láti orí dé ìdí, ó pọ́n bí epo. Síbẹ̀ ó ń yí. Ó tú èkejì, ó tú ẹ̀kẹta, kò sí èyí tí ó bá a ṣagídí nínú wọn.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oríire ni. Oòrùn Mullaroo, ìlú awakùsà kan nínú aṣálẹ̀ Australia, kì í jẹ́ kí ènìyàn pẹ́ nínú àròjinlẹ̀, irin gan-an ń jó ni lọ́wọ́. Ó gbé táǹkì náà jáde, ó gbọn amọ̀ funfun tí ó já lé e lórí dànù, ó sì ń fi inú dídùn wọ́ ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Jíìpù tirẹ̀ wà nílé, wọ́n gbé e ka orí òkúta. Ọkọ̀ àna rẹ̀ ni, bàbá Nevenka ìyàwó rẹ̀, ọkọ̀ tí ó ti gun gbogbo òkè iyanrìn agbègbè náà nígbà tí àwọn ará Croatia ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé síbẹ̀ láti wá gbẹ́ ọ́pálì, òkúta iyebíye tí ń dán. Bàbá náà kú, ọkọ̀ náà sì dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kì bá tí yà sí i mọ́ bí kò bá ṣe ti Danica, ọmọ kan ṣoṣo tí Ante bí. Danica di nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn kan ní Adelaide sì gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ó ní bí Tata bá lè jí jíìpù bàbá àgbà dìde, òun á máa wà á wálé ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Tata ni àwọn ọmọ Croatia ń pe bàbá.

Àwọn ọmọ Mullaroo kì í padà wá. Wọ́n á lọ, wọ́n á ní bọ́ọ̀sì ti jìnnà jù, wọ́n á yọjú nígbà Kérésì lọ́dún àkọ́kọ́, tó bá di ọdún kejì, káàdì ni wọ́n á fi ránṣẹ́. Ilé inú ilẹ̀ tí àwọn bàbá wọn gbẹ́ sínú òkè á wá ku arúgbó méjì méjì tí ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ante ti rí i lára àwọn aládùúgbò, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á ju bí ó ti lè fẹnu sọ lọ. Kò wá òkúta mọ́, kò wá ọlá. Kí ọmọ yẹn máa wálé ni, ìyẹn nìkan ló kù láyé tí ó ń fẹ́.

Merv, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sí ẹni tó rí orí rẹ̀ láìsí fìlà rí, jókòó sábẹ́ páànù lẹ́nu ọ̀nà ọgbà rẹ̀.

"Ṣé o ti tú òkú mi jẹ tán?" ló bi Ante.

"Òkú rẹ ló ń fà mí lọ́wọ́," ni Ante fèsì. "Gbogbo bóòtù rẹ̀ ló ń tú bí ìdérí ìgò. Níbo lo ti rí i?"

Merv yọ sìgá lẹ́nu. "Mi ò rí i níbì kankan. Mo bá a níbẹ̀ ni. Ẹni tó ta ọgbà yìí fún mi náà ní òun bá a níbẹ̀. Mú ohun tó o bá fẹ́, jàre. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀."

Báyìí ni Ante ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀. Ó tú iná ẹ̀yìn, ó tú ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì wálẹ̀, ó tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn odidi. Ohun tí ó bá ti bàjẹ́ lára tilé, òun gan-an ni yóò pé lára ti ọgbà. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ìjókòó awakọ̀ láti tú ọ̀pá jíà, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà. Wọ́n ti fa àga náà síwájú fún ẹni tí kò ga. Ó tì í sẹ́yìn títí, kò gbọ́. Bí ó ti ká gúlútú síbẹ̀, òórùn kan dé imú rẹ̀, òórùn èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, nínú ọkọ̀ tí kò ní gíláàsì, tí atẹ́gùn aṣálẹ̀ ti ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ayébáyé. Danica kì í wakọ̀ kí ó má bó ọsàn jẹ. Ante rántí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkàn ènìyàn a máa sáré da aṣọ bo ohun tí kò bá fẹ́ rí.

Ọjọ́ tí ó fẹ́ tú sípíríǹgì ẹ̀yìn ni ojú rẹ̀ là. Ní Sátidé tó kọjá, ó ti jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ṣáásí jíìpù ilé, níbi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ọn, nítorí ibẹ̀ ti sán. Ara orí ṣọ́bìrì tó kán ló ti gé irin náà, ìdajì ìràwọ̀ tí àwọn tó rọ ṣọ́bìrì náà tẹ̀ sí i lára sì ṣẹ́ kù lórí rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Ante fi ń jó irin láti ìgbà tí òkúta ti gé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ kúrò nínú ihò, nítorí náà ojú iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì máa ká bí ìrù ológbò níbi tó bá parí sí. Kò sí wẹ́dà kan ní Mullaroo tí kò lè yà á sọ́tọ̀ láàárín iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ó fi àkísà nu ṣáásí jíìpù ọgbà náà kí ó lè rí bóòtù rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀. Ìdajì ìràwọ̀ wà lára rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o dà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ká ní ìparí. Gbogbo rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti ń jẹrà.

Ó fi ìka tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òtútù mú un nínú gbogbo ooru yẹn. Ó fà jáde, ó délé, ó wọ abẹ́ tilé. Irin náà wà níbẹ̀, ó ń dán, òórùn iná kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ante kì í ṣe ojo. Ẹni tó ti ń fi okùn sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn láti ìgbà èwe kò lè jẹ́ ojo. Ṣùgbọ́n ó jókòó ti jíìpù àna rẹ̀, ó gbàgbé sípánà lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí òun ń tún ṣe lọ́wọ́ ti kú sí ọgbà Merv kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún gbé e padà lọ sí ọgbà Merv, ó lọ wo ohun tí ó pa jíìpù ibẹ̀. Iwájú rẹ̀ ti fún pọ̀ wọnú bí agolo tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Ante mọ̀ tí ń sọ ọkọ̀ dà bẹ́ẹ̀: àwọn tírélà gígùn tí ń wọ́ ọkọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn, tí ń sá eré àsápajúdé lórí títì ọlọ́dà lọ sí ibi ìwakùsà ńlá. Ìdílé tí wọn kò tíì sọ di ọlọ́fọ̀ kò pọ̀ ní Mullaroo. Amọ̀ funfun kún inú iwájú náà bámúbámú. Ó rí i. Ṣùgbọ́n amọ̀ funfun wà lára gbogbo nǹkan ní ìlú yẹn, ó wà lára búrẹ́dì, ó wà lára ìrọ̀rí, ta ni yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì? Ibẹ̀ ló ti ṣì í, àánú rẹ̀ sì ń ṣeni.

Ó rò ó pé kí òun dáná sun ọkọ̀ náà. Bí ó bá ṣe é, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán. Dípò bẹ́ẹ̀, ó parí sípíríǹgì, ó wá ń purọ́, ó ń sọ fún Danica pé ẹ́ńjìnnì kò tíì dáa tó. Ọmọ náà sì ti ní ọjọ́ tí yóò wọṣẹ́. Ó wá bá a ní ìdí ọkọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́, ó ń nu ọwọ́ sára sòkòtò.

"Tata, tí kò bá tíì ṣeé gùn, ẹ má dà á láàmú. Mo máa wọ bọ́ọ̀sì."

"Ìgbà wo lo wá máa wálé?"

"Mi ò mọ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀, bọ́ọ̀sì náà sì ń gba odidi ọjọ́ kan." Ó wo ilẹ̀. "Kérésì, bóyá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ante lára ju ohun tí ó rí lábẹ́ ọkọ̀ lọ. Kí a má purọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó lè sọ fún un. Bí ó bá sọ, ọmọ náà lè fi í rẹ́rìn-ín, kò burú. Ohun tí kò fẹ́ ni kí ó gbà á gbọ́, kí ó wọ bọ́ọ̀sì, kí ó sì di ọmọ oní-káàdì. Ọ̀nà kan ṣì wà, ó dá a lójú pé ó wà.

"Ó ti ṣeé gùn," ló wí. "Máa gbé e lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n má gba títì láti ibí. Gba ojú ọ̀nà àwọn ihò ọ́pálì àtijọ́, kó o lọ yọ sí títì lẹ́yìn ìkòríta ibi ìwakùsà. Àwọn tírélà kì í kọjá ibẹ̀."

"Ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́, Tata. Òjò sì ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

"Jíìpù ni, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ ló ń bẹ̀ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tó o bá ń bọ̀ àti ìgbà tó o bá ń lọ, ibẹ̀ ni kó o máa gbà. Ṣèlérí fún mi."

Danica rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun ti ń darúgbó, ó sì ṣèlérí. Nevenka wà lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ náà lọ lówùúrọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà dún dáadáa débi pé inú Ante dùn fún ìṣẹ́jú kan. Ó ti ní kí ó pe òun láti ilé epo tó wà lórí títì, kò sì pè. Oòrùn kan àtàrí, kò pè. Ante kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó sì gba ojú ọ̀nà àwọn ihò àtijọ́.

Ní Mullaroo, kò sí ẹni tí ń rìn sẹ́yìn. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ní èyí kí wọ́n tó kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀, nítorí ihò tí àwọn awakùsà gbẹ́ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ pọ̀ ju ilé lọ. Páànù àti pákó ni wọ́n fi bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn ti wọ abẹ́ ọ̀nà lọ, etí ihò kan sì ti ya wọ inú, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀nà gbẹ lókè, ó dára lójú. Ohun tí Ante rí láti òkèèrè ni ìdí jíìpù náà tó dúró lóòró láti inú ilẹ̀, iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ń tàn sí ojú ọ̀run. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ihò náà. Kò sí ẹni tó dáhùn, kò sì ní sí.

Merv ló gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ sókè wá. Nígbà tí jíìpù náà jáde, amọ̀ funfun kún iwájú rẹ̀ bámúbámú, iwájú náà ti fún pọ̀ wọnú. Ọgbà ni wọ́n wọ́ ọ lọ, Merv sì gbé e sí ìpẹ̀kun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ló ṣófo. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ibi tí ọ̀kan ti tẹ̀ ni èkejì ti tẹ̀, ibi tí ọ̀kan ti ya ni èkejì ti ya. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé ọ̀kan kò ní àwọn ẹ̀yà tí Ante ti tú lọ. Merv ṣí fìlà lórí, ó wo Ante bí ẹni fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ante kò jẹ́ kí ojú wọn pàdé.

Wọ́n sin Danica sí ẹ̀gbẹ́ bàbá àgbà rẹ̀. Ọdún ti yípo láti ìgbà náà, àwọn obìnrin aláṣọ dúdú ṣì ń wá jókòó ti Nevenka ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n ń mu kọfí. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ náà, Nevenka a gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tí kò ní àtàǹpàkò lé itan ara rẹ̀, a sì máa fi ọwọ́ pa á.

"Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a lẹ́bi," a wí fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀rù tírélà ló ń bà á. Ó bẹ ọmọ yẹn, etí mi ló ṣe, ó bẹ̀ ẹ́ kó má gba títì. Kí ni bàbá tún lè ṣe?"

Àwọn obìnrin náà a mi orí. Ante a rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà, a ní òun ń lọ wo omi tó wà lórí iná.