Ẹni Tó Wọ Nọ́ḿbà Mẹ́sàn-án

"Ọ̀kanlélọ́gọ́ta," ni Ìṣirò wí, ó sì ju bírò rẹ̀ sórí tábìlì. "Mo ti rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Góòlù ọ̀kanlélọ́gọ́ta ni nọ́ḿbà mẹ́sàn-án ẹgbẹ́ ìlú wa gbá wọlé. Bàbá àgbà ẹ kì í ṣe èèyàn lásán o."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé yàrá ìkàwé ni a wà, mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ni Ìṣirò. Gbogbo kíláàsì ló ń pè é bẹ́ẹ̀ torí kò sí iye tó ń dẹ́rù bà á. Èmi ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, torí èmi ni mo ń kọ ìròyìn eré ìdárayá sára pátákó ilé-ìwé wa. Láti ọjọ́ Ajé ni a ti ń ṣí àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n dì pọ̀ lọ́dọọdún, tí eruku wọn ń mú wa sín.

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìtàn ló gbé iṣẹ́ náà fún wa. Líìgì bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kan wà nígbà kan rí, tí ìjọba tú ká kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣà wa pàápàá. Tíṣà ní kí a yan àwọn mọ́kànlá tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ nínú líìgì náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò ìlú wa yóò ka orúkọ wọn lówùúrọ̀ Sátidé, wọ́n yóò sì pe àwọn tó ṣì wà láàyè sí pápá ilé-ìwé wa kí èrò lè pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í sì í pẹ́ dìjà, nítorí náà tíṣà ṣe òfin kan nípa nọ́ḿbà mẹ́sàn-án: ẹni tí góòlù rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ìwé ìròyìn ni ká mú, kò sí àríyànjiyàn.

Ẹni tó tẹ̀ lé bàbá àgbà mi jẹ́ ará ìlú mìíràn, góòlù mẹ́rìnlélógójì ni tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà jìn síra wọn.

Bíríkìlà ni bàbá àgbà mi kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, Kúkúrú-Bí-Ikú ni wọ́n ń pè é, torí pé kò ga, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn kì í fẹ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láti ìgbà tó ti gbọ́ nípa ètò yìí ni ó ti ń ṣe bí ẹni tí kò kàn. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi arúgbó ṣe. Ṣùgbọ́n màmá mi ká a mọ́ yàrá níbi tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ jẹ́sì nọ́ḿbà mẹ́sàn-án rẹ̀ àtijọ́, èyí tó ti ṣá bí aṣọ ìnulẹ̀. Ó lọ ọrùn rẹ̀, ó lọ apá rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣègbéyàwó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé bí ojú ọ̀run bá ya, bàbá àgbà mi gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́kànlá yẹn.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí Ìṣirò ro góòlù náà pọ̀ tán, ni mo ń nu àwọn férémù tó wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ọ̀kan ṣí lẹ́yìn, àwòrán inú rẹ̀ sì yọ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ti mọ àwòrán náà láti kékeré: bàbá àgbà mi jókòó, ó gbé màmá mi tó ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, wọ́n fi bándéèjì funfun líle di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A máa ń fi ẹsẹ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí òpó. Ohun tí n kò rí rí ni èyí tí ìyá àgbà mi kọ sẹ́yìn rẹ̀ kó tó kú. Ó kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún, ó wá fi kún un pé oṣù márùn-ún gbáko ni dókítà ní kí ọkọ òun fi sinmi.

Mo fẹ́ dá a padà sínú férémù ni mo wo oṣù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé tí a kọ àwọn góòlù sí wà nínú àpò mi, mo fà á yọ. Nínú oṣù tí ẹsẹ̀ bàbá àgbà mi wà nínú bándéèjì yẹn, nọ́ḿbà mẹ́sàn-án ti gbá góòlù méje wọlé.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Báwo ni ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn ṣe máa gbá góòlù méje? Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Jẹ́sì mọ́kànlá péré ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní láyé ìgbà yẹn. Ààyè ló ni nọ́ḿbà, kì í ṣe èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbá iwájú lọ́jọ́ náà ni yóò ká nọ́ḿbà mẹ́sàn-án lórí okùn. Oníròyìn tó ń wò wọ́n lọ́ọ̀ọ́kán kì í sì í kọ orúkọ, nọ́ḿbà ló ń kọ. Àwa ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé orúkọ la ń kà lẹ́yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù, kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn pé ẹni méjì lè wọ ẹ̀wù kan.

Mo yọ gbogbo góòlù oṣù márààrún náà kúrò. Mẹ́tàlélógún ni. Ó ku méjìdínlógójì. Méjìdínlógójì kò sì tó mẹ́rìnlélógójì, bó ti wù kí n wò ó. Bí mo bá sọ òótọ́, bàbá àgbà mi kò sí nínú ikọ̀ náà mọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìṣirò lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ká lọ bá tíṣà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní ó ti lé ní ogójì ọdún, mo ní ẹni tó wọ jẹ́sì náà lè ti kú pàápàá. Mo sọ fún un nípa áyọ́ọ̀nù.

"Iṣẹ́ tèmi ni kí n ro nǹkan pọ̀," ni Ìṣirò wí, kò sì wo ojú mi. "Ìwọ lo máa fọwọ́ sí i. Ṣe bó o ṣe fẹ́."

Mo fọwọ́ sí ìwé orúkọ àwọn mọ́kànlá náà láì yí iye padà. Tíṣà gbà á lọ́wọ́ mi, ó yìn mí, ó ní òun mọ̀ pé mi ò ní já òun kulẹ̀. Ìyìn náà kò dùn létí mi rárá, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Lówùúrọ̀ Sátidé, gbogbo wa pé sí pálọ̀. Bàbá àgbà wọ jẹ́sì rẹ̀, ikùn rẹ̀ sì yọ sójú ayé nísàlẹ̀ rẹ̀. Màmá mi jókòó ti rédíò. Bàbá Káfíńtà pẹ̀lú wà níbẹ̀, torí pé kò sí Sátidé tí kì í wá. Ọ̀rẹ́ bàbá àgbà mi ni láti ìgbà ọ̀dọ́, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pákó tó ń fi ṣiṣẹ́, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ilé tí àwọn méjèèjì ti jọ kọ́ nínú ìlú yìí kò lóǹkà. Bí ọ̀kan bá mọ ògiri tán, èkejì a kan òrùlé lé e.

Wọ́n pe aṣọ́lé, wọ́n pe àwọn ẹ̀yìn àti àwọn àárín. Nígbà tó kan nọ́ḿbà mẹ́sàn-án, oníròyìn rédíò pe orúkọ bàbá àgbà mi, ó ní góòlù ọ̀kanlélọ́gọ́ta, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Màmá mi fò sókè. Bàbá Káfíńtà na ọwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "O kú oríire, ọ̀rẹ́ mi."

Bàbá àgbà kò gba ọwọ́ náà. Ó dìde, ó pa rédíò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì pe nọ́ḿbà mẹ́wàá. Ojú rẹ̀ ti yí padà, ó dà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára.

"Iye yẹn kì í ṣe tèmi," ló wí. "Ọkùnrin tó jókòó yìí ló wọ nọ́ḿbà mẹ́sàn-án nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán. Ó tó bí ogún nínú ẹ̀ tó jẹ́ tiẹ̀."

"Mẹ́tàlélógún," ni ẹnu mi sọ kí n tó mọ̀.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá Káfíńtà! Ẹni tó kan ibùsùn tí mo ń sùn lé, tó ń bá wa jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó tún na ọwọ́ pé ká kú oríire. Mo ti sọ fún Ìṣirò pé ẹni náà lè ti kú, àṣé ó wà lórí àga wa.

"O mọ̀?" ni bàbá àgbà bi mí.

"Mo mọ̀, Bàbá. Láti Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ wọlé ni."

Mo rò pé yóò bú mi. Màmá mi ti ń gbára dì láti bá mi wí, ṣùgbọ́n bàbá àgbà gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó jókòó padà, ó fa jẹ́sì náà sílẹ̀ lórí ikùn rẹ̀.

"Kì í ṣe ìwọ nìkan," ló wí. "Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, bí àwọn èèyàn bá ní 'Kúkúrú-Bí-Ikú, ìwọ lo gbá gbogbo góòlù yẹn,' mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ẹ̀rín yẹn lo lọ kọ sínú ìwé."

Bàbá Káfíńtà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín kò jáde. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbà.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ bá tíṣà. Ojú tì mí ju bí mo ti lè sọ lọ. Tíṣà gba pátákó ìròyìn lọ́wọ́ mi títí tí sáà náà fi parí, mo sì bẹ gbogbo ilé-ìwé níbi àpéjọ òwúrọ̀. Àwọn kan tó ń pè mí ní Akọ̀wé tẹ́lẹ̀ sọ mí di Akọrọ́, ẹni tó ń kọ irọ́, orúkọ náà sì pẹ́ lára mi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, rédíò tún un ṣe: ará ìlú mìíràn tó ní góòlù mẹ́rìnlélógójì ni nọ́ḿbà mẹ́sàn-án. Bàbá àgbà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló bọ́ jẹ́sì, ó ká a, ó gbé e fún Bàbá Káfíńtà, ó ní ó yẹ kó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìdajì àwọn ọdún náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sí pápá wa, àárín èrò ni àwọn bàbá méjèèjì jókòó sí. Nǹkan kan ṣoṣo ni tíṣà gbà mí láyè láti ṣe: kí n dúró níwájú gbogbo èèyàn, kí n sọ bí àṣìṣe náà ṣe wáyé àti èyí tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Mo sọ ọ́. Mo ní ẹni méjì ló wọ jẹ́sì yẹn: Kúkúrú-Bí-Ikú gbá góòlù méjìdínlógójì, Bàbá Káfíńtà gbá mẹ́tàlélógún. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Bí mo ti ń kọjá lọ, Bàbá Káfíńtà fi ọwọ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ ṣàdúrà fún mi ni. Ó fi ẹnu kan etí mi, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Mẹ́rìnlélógún ni," ló wí. "Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Oníròyìn tó ń kọ góòlù ò wá."

Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọkùnrin yìí fi ń bá wa ṣeré, kò sọ̀rọ̀ náà rí, síbẹ̀ góòlù kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Èmi ti wá mọ èyí tó kù níbẹ̀: ẹ má ṣe fi ohun ẹlòmíràn ta ẹni tí ẹ fẹ́ràn lọ́rẹ. Ẹni tí a gba ohun rẹ̀ lè bá wa rẹ́rìn-ín, ó lè kí wa kú oríire, ṣùgbọ́n ó ń kà á.