Ó Ku ti Kẹ́hìndé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ibi tó lẹ́wà nìkan ni ìfẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tèmi bẹ̀rẹ̀ nídìí ògiri kan ní Sábó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta bàtà òkìrìkà, lọ́sàn-án Sátidé kan tí oòrùn ń mú ganrínganrín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló fi fótò àtijọ́ bo ògiri náà. Kì í ṣe pé ó ń tà wọ́n o. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ya wọ́n ní Mushin láyé ijọ́un, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ lẹ́yìn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Bàbá náà ò sì rántí orúkọ gbogbo wọn mọ́, ló bá gbé wọn síta kí àwọn tó ń kọjá lè bá a dá wọn mọ̀. Sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló lẹ pépà pélébé mọ́: "Ta nìyí?"

Mo dúró wò wọ́n. Ọkùnrin kan gbé rédíò lé èjìká bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá wọn, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn kálukú. Obìnrin ẹlẹ́ja kan ní Makoko ń rẹ́rìn-ín nínú èéfín. Ọkùnrin mẹ́ta wà lórí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, mi ò sì mọ èyí tó ń wa kẹ̀kẹ́ nínú wọn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rí àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì tí wọ́n jókòó lórí àga, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. Ọ̀kan lejú koko, èkejì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà ti kọ tiwọn tán pátápátá: "Ìbejì Mushin, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé tíátà Iganmu."

Mo sún mọ́ ògiri náà.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ojú yín ò dáa o. Ẹ wá ra awò lọ́wọ́ wa."

Awò ojú ni mò ń tà ní Surulere. Iṣẹ́ mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀.

"Kí ni mo ṣe, àǹtí?"

"Ẹ kọ ìbejì síbí. Ẹnì kan ṣoṣo nìyí. Màámi ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Àwọn méjèèjì."

Ó wò mí títí, ó na ike omi tútù kan sí mi. Ó rò pé oòrùn ti mú mi. Mo gba omi náà, mo mu ún, mo wá ṣàlàyé.

Nínú ilé wa, a kì í sọ pé Kẹ́hìndé kú. À á ní ó lọ sọ́jà. Ìbejì ni wọ́n bí màámi, Táyélolú, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé lọ sọ́jà kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Àwọn ẹlòmíì á gbẹ́ ère fún èyí tó lọ. Alfa ni bàbá màámi, kò gba ère láyè nínú ilé, ni wọ́n bá ní kí wọ́n ya fótò. Fótógíráfà ní kí Táyé jókòó sápá òsì, ó yà á. Ó ní kó bọ́ sápá ọ̀tún, ó tún yà á. Ó wá so méjèèjì pọ̀ sórí pépà kan, ìyá wọn sì rí ọmọ méjì lára ògiri.

"Omi wọlé wa lọ́dún kan, ó ba tiwa jẹ́," mo sọ fún un. "Màámi sunkún bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀."

Ọmọkùnrin náà fi ìka kan fótò náà pẹ̀lẹ́. "Eléyìí náà ti gbó, kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí. Ṣùgbọ́n fíìmù ẹ̀ wà nílé. Màá ṣe tuntun fún wọn, ńlá. Ẹ má tíì sọ fún wọn o, ẹ jẹ́ ká fi yà wọ́n lẹ́nu. Taoheed lorúkọ mi. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín, kí n lè máa fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ tó yín létí."

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ọ̀hún pọ̀. Ó ń fi tó mi létí láàárọ̀, ó ń fi tó mi létí lálẹ́. Nígbà tó yá, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní kí n yẹ ojú òun wò. Mo ní kó ka lẹ́tà ara pátákó. Ó ka gbogbo ẹ̀ dé orí èyí tó kéré jù.

"Ojú ẹ dá ṣáká," mo ní.

"Kò dá. Látọjọ́ Sábó, ìwọ nìkan ni mò ń rí."

Ọ̀gá mi obìnrin rẹ́rìn-ín débi pé férémù bọ́ lọ́wọ́ wọn. Látọjọ́ yẹn ni Taoheed ti ń pè mí ní Awò Ojú Mi. Mo kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀. Irọ́ ni mò ń pa.

Ó mú mi dé ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn àgbà ní Mushin, níbi tí òun fúnra ẹ̀ ti ń tẹ báńà báyìí. Bàbá Àkàngbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àgbàlagbà tín-ínrín, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Nínú lọ́hùn-ún, kọ́tìnì tí wọ́n ya òdòdó sí, tí Bàbá ti máa ń ya èèyàn ní fótò níwájú ẹ̀ láyé àtijọ́, ṣì wà. Níwájú kọ́tìnì yẹn ni Taoheed ti dì mí lọ́wọ́ mú.

"Àràmídé, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ."

"Mo ti mọ̀. Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Mo ní èmi náà nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn tó ń kọjá bíi ti Bàbá.

Ó wá ku kó wá rí màámi. Mo sì kìlọ̀ fún un. Màámi kì í ra nǹkan ní ẹyọ kan, nítorí Kẹ́hìndé. Búláòsì méjì, bàtà méjì. Bí o bá fún wọn ní ọsàn kan, wọ́n á ní, "Tẹnìkejì mi ńkọ́?" Taoheed gbọ́ràn. Ó gbé ọ̀pẹ òyìnbó méjì wá, búrẹ́dì méjì, àti ẹrù pẹlẹbẹ ńlá kan tó fi pépà dì.

Màámi fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àlàájì Yẹ̀kínnì, ẹ̀gbọ́n màámi, tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù ẹnu wọn, ti ń gé ọ̀pẹ òyìnbó kí a tó jókòó tán. Mo ní nínú ara mi pé ó parí.

"Mà, mo ní ẹ̀bùn kékeré kan fún yín," ni Taoheed wí.

Màámi tú pépà náà. Fótò ńlá, ó mọ́ roro: ọmọbìnrin kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín lórí àga. Ọ̀kan ṣoṣo.

Màámi yẹ ẹ̀yìn fótò náà wò.

"Èkejì ńkọ́?" màámi bi í.

"Mà, nígbà tí mo wo fíìmù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, ẹnì kan náà ṣáà ni. Mo wá mú èyí tó dára jù."

"Èyí tó dára jù," ni màámi wí. Wọn ò tiẹ̀ wo ojú ọmọ inú fótò náà dáadáa, àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń wò. "Ọmọ mi, méjì ni wọ́n bí wa." Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Àlàájì Yẹ̀kínnì nu ẹnu wọn. "Ọmọkùnrin, nínú méjì, ọ̀kan lo mú wá. Bí a bá fún ẹ níyàwó, ìdajì lo máa ṣe. Ìdajì oúnjẹ, ìdajì òótọ́. Máa lọ sílé."

Ọ̀pẹ òyìnbó ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń lé e.

Mo sunkún lóru yẹn. Èmi nìkan ni màámi bí. Bí wọn ò bá lóhùn sí i, mi ò ní fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì fẹ́ fẹ́ ẹlòmíì. Taoheed pè mí, ohùn ẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀.

"Awò Ojú Mi, mo ṣàṣìṣe. Fótò kan ni mo gbàgbé, màá gbé e wá lọ́la."

"Kì í ṣe fótò lo gbàgbé," mo ní. "Èèyàn ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fótò kejì dé ẹnu géètì, màámi ní kó gbé e padà, pé ẹni tí wọ́n yọ kúrò nílé kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Èyí tó ti wà nílé, wọ́n dojú ẹ̀ kọ ògiri. Mò ń jẹun, mò ń wo ẹ̀yìn fótò náà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan la gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Àkàngbé ni, Taoheed dì wọ́n lápá mú, ó gbé àpò kọ́ ọrùn.

Àlàájì Yẹ̀kínnì dìde. "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín?"

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," ni Bàbá wí.

"Tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ni Àlàájì dá wọn lóhùn. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn kó má fún wọn ní àga?

Màámi jáde wá, wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá, ṣùgbọ́n ojú wọn ò túra. Bàbá wò wọ́n títí.

"Táyé! Ṣé bàtà yẹn ṣì ń há ẹ lẹ́sẹ̀?"

Màámi gbójú sókè. "Bàbá, ẹ rántí bàtà?"

"Ó ṣe máa jẹ́ kí n gbàgbé? O ní o ò jókòó. Mo fún ẹ ní bisikíìtì méjì, o jẹ ẹ́ tán, o tún lejú mọ́ mi. Bí mo ṣe ya ti Táyé nìyẹn, tìbínú-tìbínú. Mo wá gbé ẹ sórí àga kejì, mo sọ fún ẹ pé…"

"Ó ku ti Kẹ́hìndé." Màámi ló parí ẹ̀. Ohùn wọn ti yí padà.

"Kí lo ṣe?"

"Mo nu ojú mi."

"Àràmídé, gbé fótò yẹn wá."

Mo yí i kúrò lára ògiri, mo gbé e lé màámi lẹ́sẹ̀, mo fi awò wọ̀ wọ́n lójú. Wọ́n wo ọmọ náà. Ẹ̀rín ọmọ náà kún gbogbo ojú ẹ̀.

"Èmi kọ́ nìyí," ni wọ́n wí. "Kẹ́hìndé ni. Mi ò fẹ́ kí ojú ẹ̀ burú nínú fótò. Mo ní kó lẹ́wà jù mí lọ, kí màmá wa lè yọ̀ bí wọ́n bá rí i. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mo sì rẹ́rìn-ín fún un." Omi bọ́ lójú wọn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Èmi ni ọmọ yìí gbàgbé sí Mushin! Ẹ̀gbọ́n mi ló mú wá!"

Àlàájì Yẹ̀kínnì wúkọ́. "Ẹ dúró ná. Ṣebí Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n? Ṣebí òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò? Ìyẹn ni pé ọmọkùnrin yìí kí ẹ̀gbọ́n kó tó kí àbúrò. Ọmọ tó mọ̀wà ni! Mo ti wí bẹ́ẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ wí bẹ́ẹ̀?" ni màámi bi wọ́n.

"Ẹ ò gbọ́ ni."

Taoheed ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ẹnì kan ni. Mi ò mọ̀ pé méjì ni."

"Dìde, ọkọ ọmọ mi," ni màámi wí. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, mo pàtẹ́wọ́. "Táyé tí o gbàgbé dà?"

Ó fa fótò kejì yọ látinú àpò. Màámi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́. "Ẹ wo ojú burúkú! Àbí ẹ ò rí bí mo ṣe lejú?" A rẹ́rìn-ín títí tí aládùúgbò fi kanlẹ̀kùn.

Mọ́ṣáláṣí tó wà ládùúgbò la ti so yìgì. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àkàngbé, síwájú kọ́tìnì olódòdó. Taoheed gbé àga kan sápá òsì wa, ó gbé òmíràn sápá ọ̀tún, ó to kámẹ́rà ẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì sáré wá dúró tì mí. Bàbá ló ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ mira.

Màámi jókòó sápá òsì. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Èmi àti ọkọ mi dúró gbọningbọnin, a ò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ó ku ti Kẹ́hìndé!" ni Bàbá kígbe.

Màámi dìde, wọ́n kọjá níwájú wa lọ sórí àga kejì. Wọ́n tún gèlè ṣe. Wọ́n nu ojú wọn. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín.

Taoheed so méjèèjì pọ̀, fótò ọ̀hún sì wà ní pálọ̀ wa ní Yaba. Àlejò kan ò lè wọlé kó má béèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fadilah, ọ̀rẹ́ mi tuntun ní àdúgbò, dúró wò ó, ó yíjú sí màámi tí wọ́n wá kí wa.

"Mummy, ẹ ò sọ pé ìbejì ni yín! Ẹ mà jọra o! Ṣé ẹnìkejì yín ni wọ́n jókòó sápá ọ̀tún yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ni màámi wí. "Ó kàn pẹ́ lọ́jà díẹ̀ ni."