Ẹ̀rọ Ní Búùtù Ò Ṣófo

Búùtù náà ṣófo. Mo fi ojú mi rí i, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì wá a kiri, mo tiẹ̀ ki orí bọ inú rẹ̀ bí ẹni tí òrùka rẹ̀ sọnù. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà fàáké kọ́rí pé nǹkan wà níbẹ̀, àti pé níwọ̀n ìgbà tí nǹkan ọ̀hún bá ṣì wà níbẹ̀, òun ò ní jẹ́ kí òrùlé ká.

Ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ máa ń ká ni. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, pọ́ǹpù á fi ọ́ìlì ti àwọn irin, òrùlé á gbéra, á ká sí mẹ́ta, á sì lọ sùn sínú búùtù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi súìṣì kékeré kan síbẹ̀, lára ìbòrí tí wọ́n máa ń fà bo ẹrù. Tí ẹrù bá ga débi pé ìbòrí ò lè wọ àyè rẹ̀, súìṣì á ta kọ̀ǹpútà lólobó, òrùlé ò sì ní mira, kó má baà tẹ ẹrù ẹlẹ́rù fọ́.

Rewáyà ni mí. Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé tí mo ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe, kò sì sí wáyà tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ọkọ̀ yìí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko.

Aránṣọ kan ló gbé e wá, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Ọkùnrin náà ti kú láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn.

"Ọ̀gá mi, òrùlé yìí ò ṣí mọ́," ló wí. "Ẹ bá mi tún un ṣe. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ipá ṣí i."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Mo rò pé ọ̀dà ọkọ̀ ló ń rò, mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi, nítorí àìsàn gidi ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Họ́ọ̀sì kan ti là, ọ́ìlì ti jò sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì, mo rọ ọ́ìlì tuntun, mo lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Wáyà mẹ́rin ti já níbi tí ìlẹ̀kùn búùtù ti ń ká, níbi tí ṣíṣí àti títì ti máa ń gé wọn díẹ̀díẹ̀. Mo jó wọn pọ̀, mo sì wé wọn dáadáa. Gbogbo nǹkan pé, àfi súìṣì búùtù.

Mo pààrọ̀ súìṣì. Ó ní nǹkan wà níbẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà rẹ̀ láti orí dé ìdí. Nǹkan wà níbẹ̀. Mo yọ kọ̀ǹpútà, mo gbé òmíràn sí i, mo fa ìbòrí títí ó fi dún kó. Nǹkan wà níbẹ̀! Inú bí mi débi pé mo la tẹ́sítà mi mọ́lẹ̀, èmi tí mo máa ń bá gbogbo ayé jà nítorí irinṣẹ́.

Olóòlù, ọkùnrin tó ń na bọ́dì ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀ ẹ́ ni o. Bóyá ẹ ò kí i dáadáa láàárọ̀."

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún Olóòlù. Ibì kan wà lórí kápẹ́ẹ̀tì búùtù náà tó tẹ̀ wọlé, ó gùn díẹ̀ ju apá mi lọ láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Mo máa ń fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n títí á fi dọ́gba. Tí mo bá lọ síwájú ọkọ̀ tí mo sì padà dé, á ti tún tẹ̀. Ibẹ̀ sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibùsùn tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé páìpù èéfín ló ń gbóná lábẹ́. A ò sì tíì tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà láti ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ keje, aránṣọ wá wò ó. Ojú tì mí. Mo gbé bẹ́ǹṣì fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa súìṣì, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ọ̀gá mi, kì í ṣe fàájì ni mo fẹ́ fi ṣe," ló wí. "A bí ọmọ kan lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Oṣù méjì péré ló lò. Bàbá rẹ̀ nìkan ló gbé e lọ sin, ọkọ̀ yìí ló sì fi gbé e. Kò sọ ibẹ̀ fún mi. Ó ní tí ara mi bá balẹ̀, òun á mú mi lọ. Kí ara mi tó balẹ̀, òun náà ti lọ."

Mo ní kí Ọlọ́run tù ú nínú.

"Ọkọ mi ti ń mú mi lọ báyìí," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lọ. "Lójú àlá. Àwa méjèèjì á jókòó síwájú, màá sì máa gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn wa, tó ń ṣeré. Alaalẹ́ la ń tẹ̀ síwájú sí i. A ti kọjá táńkì omi gíga yẹn, a ti yà sọ́wọ́ òsì níbi tí àwọn igi ti pàdé lókè. Mo ti fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú, mi ò mọ èyí tí màá gbà. Ó ní kí n tún ọkọ̀ ṣe sílẹ̀, kí n má fi ipá ṣí òrùlé. Ọjọ́ tí a bá gbé ọmọ dé ibẹ̀, á ṣí fúnra rẹ̀. Ó kù díẹ̀, ọ̀gá mi. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún un."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Àmọ́ mo rí i bí ẹni tí ìbànújẹ́ ń dà láàmú, mo sì rò pé tí òrùlé yẹn bá ṣí, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́. Kí n má parọ́, ìgbéraga wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àlá ló bá mi parí iṣẹ́ mi.

Ọgbọ́n kan wà tí àwa rewáyà kì í sọ fún oníbàárà. Tí súìṣì bá ń parọ́, a ó gé wáyà rẹ̀ méjèèjì, a ó lọ́ wọn pọ̀, kọ̀ǹpútà á sì gbà pé gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀. Èmi máa ń pè é ní dídí súìṣì lẹ́nu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, mo dí i lẹ́nu.

Mo tẹ bọ́tìnì. Òrùlé gbéra, ó ká, ó ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sínú búùtù, ó sì kù díẹ̀ kí n jó. Nígbà tó ku bí ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ohùn pọ́ǹpù yí padà. Àwọn irin dúró díẹ̀. Ó yẹ kí n gbé ìka kúrò. Ìbínú ọjọ́ mẹ́sàn-án ló bò mí lójú, mo sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi.

Mo gbọ́ tí nǹkan kan mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mímí kékeré. Lẹ́yìn náà òrùlé dún kó, ó sùn.

Mo ti òrùlé padà, mo ṣí búùtù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì tutù.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò tíì ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán tí aránṣọ fi dé. Mi ò tíì ránṣẹ́ sí i. Kò sí téèpù lọ́rùn rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì bára mu.

"Kí lẹ ṣe fún un?"

Mo na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i. Kò gbà á.

"Ọkọ mi ò wọ ọkọ̀ lójú àlá àná. Ó dúró síta. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Mo bi í pé ọ̀nà wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ. Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mi, ọ̀gá mi. Mi ò gbọ́ ọ rárá."

"Màdáámù, níbo ni bàbá ọmọ gbé e sí nínú ọkọ̀, lọ́jọ́ yẹn?"

Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. "Kò lè wo ojú rẹ̀ lórí àga. Ó tẹ́ ìrọ̀rí sínú búùtù fún un."

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Eyín ni mo fi já wáyà tí mo lọ́ pọ̀. Mo dá súìṣì padà sí àyè rẹ̀, wáyà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa ìbòrí. Mo tan ọkọ̀, mo sì ń bẹ kọ̀ǹpútà yẹn nínú mi, èmi tí mo ti ṣépè fún un lójoojúmọ́, pé kó jọ̀ọ́, kó tún takú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì tàn, àwọ̀ ewé tó ń sọ pé òrùlé lè ká. Mo pa ọkọ̀, mo tún un tàn. Mo ṣe é títí bátìrì fi ń rẹlẹ̀.

Aránṣọ ti jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀. Ó na apá kan sẹ́yìn, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́.

"Kí ló sọ, ọ̀gá mi?"

Mo ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà fún un. Ó ní búùtù ṣófo.