Etí Bàbá Oníbọn

"Márùn-ún! Ihò márùn-ún péré ni ìbọn yẹn ní!" Bàbá àgbà nàka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ọkùnrin yìí ti yìn ín nígbà mẹ́jọ, kò sì tíì kì í. Ta ló ń bá a kì í?"

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn bí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ní yàrá bàbá bàbá rẹ̀, tí àwọn méjèèjì yóò há ara wọn mọ́ orí àga kan ṣoṣo, tí wọn yóò máa wo fíìmù àtijọ́. Ìbọn tó wà nínú fíìmù yẹn, inú àpótí lábẹ́ ibùsùn Bàbá ló ń gbé. Ìbọn ìléwọ́ ni, ṣùgbọ́n ọta ìbọn ọdẹ, èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò, ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ilé ọta rẹ̀ tó ń yí po fi yọ ikùn bí aláboyún.

Ogójì ọdún ni Bàbá fi ṣe alábòójútó ìbọn fún àwọn onífíìmù. Òun ló ń gbé ìbọn lé òṣèré lọ́wọ́, òun náà ló ń gbà á padà. Bàbá Oníbọn ni wọ́n ń pè é. Bí ìbọn náà bá dún nínú fíìmù, tí ilẹ̀kùn fò kúrò lára ògiri, Bàbá á ní, "Irọ́ ni o! Ọkùnrin méjì ló fi okùn fà á láti ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú sí gọ́tà lọ́jọ́ náà." Ayé ìgbà yẹn dùn. Títí di òní, bí ọmọbìnrin náà bá rántí ẹ̀rín yẹn, ọkàn rẹ̀ máa ń fà sí i.

Nígbà ìsinmi ọdún yẹn, wọ́n pe Bàbá síbi fíìmù tuntun kan nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, ó sì mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání. Ìdí tó fi mú un dání, àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Oríṣi ọta méjì ni wọ́n ń lò nínú eré. Ọta ẹlẹ́tù wà fún ariwo àti iná. Kò ní irin nínú, síbẹ̀ iná rẹ̀ lè fọ́ èèyàn lójú bó bá súnmọ́ ọn. Ọta ẹ̀tàn kò ní ẹ̀tù rárá, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, etí ló ń yà wọ́n. Wàá mì í létí: bó bá dún wọ́rọ́wọ́rọ́, ọta ẹ̀tàn ni. Ṣùgbọ́n ariwo ogójì ọdún ti ba etí Bàbá jẹ́. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí èèyàn bá gbé ohùn sókè, àmọ́ kò gbọ́ ìró ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Bàbá á mì í kí àwọn èèyàn lè rí i, ọmọ á wá tún un mì lẹ́yìn àpótí.

"Etí mi dà?" ni Bàbá máa ń wí.

"Mo wà níbí, Bàbá."

Lọ́jọ́ kẹta, òṣèré kan tí àwọn ọmọ iléèwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá gbà láti ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tó wá kí i níbẹ̀. Ọmọ náà jókòó ti àpótí, ọta márùn-ún wà lórí itan rẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé.

"Yára o! Ó ti fẹ́ lọ pààrọ̀ aṣọ!"

Ó mi ọ̀kan, ó dún. Ó mi ìkejì àti ìkẹta, wọ́n dún.

"Ṣé o ò wá mọ́ ni? Àwa ti fẹ́ ya tiwa o!"

Ó wo méjì tó kù. Inú páálí kan náà ló ti kó gbogbo wọn. Kí ló fẹ́ ṣe wọ́n?

"Ṣé gbogbo wọn dún?" Bàbá béèrè.

"Gbogbo wọn dún, Bàbá." Ó sì sáré jáde.

Fọ́tò náà dára. Ó ṣì ń wò ó nígbà tó padà wọlé.

Nínú eré tó kàn, òṣèré náà yóò fi ìbọn ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin òṣèré kan, yóò sì fà á, kó kàn dún "kẹ́". Ṣùgbọ́n Bàbá kì í gbé ìbọn fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ garawa iyanrìn, tó sì fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún lójú gbogbo èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní ó ń fi àkókò àwọn ṣòfò.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Nígbà kẹrin, gbàù! Iyanrìn fọ́n dé òrùlé. Obìnrin òṣèré náà dọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọta ẹlẹ́tù kan tí wọn kò yìn láàárọ̀ ló ti dàpọ̀ mọ́ ti ẹ̀tàn.

Olùdarí fíìmù náà, tí wọ́n ń pè ní Màdámù, sún mọ́ wọn. "Bàbá, ṣé ẹ mì í?"

Bàbá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ, kò sọ ọ́.

"Mo mì í," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Etí mi ni kò gbọ́ mọ́, Màdámù. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Mo fi pamọ́ fún yín ni. Ẹ má bínú."

Bí iṣẹ́ ogójì ọdún ṣe parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ó nu ìbọn rẹ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí. Nínú mọ́tò tí wọ́n wọ̀ lọ sílé, kò bi ọmọ náà ní ohunkóhun, ìyẹn gan-an ló sì dun ọmọ náà jù. Bí Bàbá bá nà án ni, ara ìbá tù ú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà nìkan wọ mọ́tò padà lọ síbi eré. Ó dúró láàárín gbogbo wọn.

"Màdámù, ẹ̀bi mi ni. Mẹ́ta péré ni mo mì. Mo purọ́ fún Bàbá pé mo mì wọ́n tán."

Màdámù mí kanlẹ̀. "O ṣeun tó o sọ ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ mọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bàbá náà mọ̀. Bó bá jẹ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ ló fọ́ ńkọ́?"

Iṣẹ́ Bàbá kò padà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Nígbà tó délé, ó bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń bó ọsàn. Ó rọra jẹ́wọ́. Bàbá kò gbọ́, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, Bàbá tún dẹ etí. Ló bá pariwo rẹ̀ tẹkúntẹkún, títí àwọn ará ilé kejì fi yọjú: "Mo purọ́ fún yín, Bàbá! Mi ò mì í tán!"

"Mo ti mọ̀," ni Bàbá wí. "Mo mọ̀ nígbà tó o tẹjú mọ́ bàtà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ọdún mẹ́ta lèmi náà fi ń tan àwọn èèyàn yẹn, ìwọ ni mo sì fi bojú. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ẹ wí? Tèmi ti parí. Tìẹ ni mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ dáadáa." Ó pín ọsàn náà sí méjì, ó na ìdajì sí i. "Jókòó."

Bàbá kò tún fẹsẹ̀ kan ibi eré mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọbìnrin náà ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, ohun kan náà ló sì máa ń sọ fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: "Bí ẹ ò bá tíì ṣe é, ẹ sọ pé ẹ ò tíì ṣe é. Ìtìjú yẹn kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹ bá purọ́, ẹlòmíràn ló máa jẹ ìyà rẹ̀."